Ọ̀gá Kì Í Kàn Kí Ọmọ Tún Kàn

Agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́jọ́ Ajé, ní etídò wa lẹ́yìn Ìbàfò. Àwa mẹ́fà la dúró lórí iyanrìn: Ìyá Rídíwàánù tó ni bóòtù, Ràṣídì tó ń bá a wà á, ọkùnrin méjì lára àwọn tó ń wa iyanrìn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa àwọn èrò jáde nínú odò, Ṣẹ́gun tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, àti èmi. Ìyá Rídíwàánù kọjú sí mi, ó bi mí ní ìbéèrè kan. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Orí tí mo mì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ṣẹ́gun. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́. Màá kọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò ní yọ ibi tó korò kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu mi, ẹ má retí púpọ̀.

Abúlé kan lẹ́bàá Ìkirè ni wọ́n bí mi sí. Ìwé kejì ni mo kà dé tí bàbá mi fi kú. Mo ti ń fá irùngbọ̀n kí n tó padà sí ilé ìwé àgbà nírọ̀lẹ́, kí n tó lè ka orúkọ ara mi lára bóòtù. Àbúrò ìyá mi ló mú mi lọ sí etí ọ̀sà ní Ìpàkodò lẹ́bàá Ìkòròdú, ó fà mí lé Ọ̀gá Súlè lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gba àlàyé. N kò san nǹkan kan, wọn kò san nǹkan kan fún mi, mo sì ń jẹun.

Àtúnṣe bóòtù fáíbà ni iṣẹ́ Ọ̀gá Súlè, pàápàá jù lọ ìdí bóòtù. Ẹni tí kò bá rí i rí lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Bóòtù fáíbà dà bí abọ́ ńlá kan. Níbi ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹ́ńjìnnì ń rọ̀ sí, fáíbà nìkan kò lágbára tó láti gbé e. Pákó tó nípọn ni wọ́n máa ń fi sáàárín, fáíbà nínú, fáíbà níta, bí àkàrà ṣe ń wà láàárín búrẹ́dì. Wọ́n á wá fi nọ́ọ̀tì de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn. Bí omi bá rí ọ̀nà gba ihò nọ́ọ̀tì wọlé, pákó yẹn á máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Níta, ọ̀dà ń dán. Nínú, pákó ti di ẹ̀kọ. Ọjọ́ tí awakọ̀ bá wá tẹ ẹ́ńjìnnì dáadáa lójú agbami, ẹ̀yìn bóòtù á ya kúrò, omi á sì wọlé pẹ̀lú ariwo.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ kí ó tó ya? Ọ̀gá Súlè kò gbà kí a fi ojú mọ̀ ọ́n. Ó máa ń gba gèlè ìyàwó rẹ̀, á fi di ojú wa, á fún wa ní òòlù kékeré. Ẹ̀yìn òòlù la ó fi kan ìdí bóòtù bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Pákó tó gbẹ á dáhùn kó-kó-kó. Èyí tó ti mu omi á sọ pé bù. Èyí tí fáíbà ti ṣí kúrò lára rẹ̀ á dún pàkà bí igbá òfìfo.

Lọ́jọ́ kan mo kàn, ó bi mí pé, "Kí ló sọ?"

Mo ní, "Ó gbẹ, sà."

"Tún un kàn."

"Ó gbẹ, sà."

"Òun ló gbẹ ni, àbí ọpọlọ rẹ?"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dá ihò kékeré kan sí i láti inú. Eruku pákó tó gbẹ máa ń funfun, á sì máa fò. Èyí tó bá ọwọ́ mi jáde dúdú, ó tutù, ó ń rùn bí ewé tó ti pẹ́ nínú kànga. Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán délẹ̀, Ọ̀gá Súlè gbé àwo mi kúrò. Ó ní, "Ìwọ àti pákó yẹn lẹ jọ mọ àṣírí ara yín. Lọ bá a jẹun." Ebi ọjọ́ yẹn ló là mí létí. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n lè di ojú mi kí wọ́n mú mi yí bóòtù mẹ́wàá ká, n kò ní ṣi ọ̀kan sọ.

Kò fọwọ́ líle mú ohunkóhun tó òfin kan. Òfin náà ni pé ọ̀gá kì í kàn kí ọmọ tún kàn. Bí ọ̀gá bá ti kan ìdí bóòtù tó sì ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ọmọ iṣẹ́ tó bá tún gbé òòlù lé e, ó pe ọ̀gá rẹ̀ ní òpùrọ́ lójú oníbàárà. Làmídì, tó ṣáájú gbogbo wa níbi iṣẹ́, kàn án lẹ́yìn ọ̀gá lọ́jọ́ kan. Ohun tí ọ̀gá sọ gan-an lòun náà gbọ́. Síbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló kó ẹrù rẹ̀. Ẹ̀rù bà wá. Nígbà tí mo di ọ̀gá, mo gbé òfin náà wá sí Ìbàfò bí ẹni gbé ère ìdílé, n kò sì bi ara mi rí bóyá ó wúlò.

Mo gba òmìnira, mo fẹ́ ìyàwó, a gba yàrá ní Mowe nígbà tí ilé ibẹ̀ kò tíì pọ̀. Etídò lẹ́yìn Ìbàfò ni mo pàgọ́ sí. Àwọn àgbẹ̀ òdìkejì odò ń kó ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gẹ́ wá, àwọn tó ń wa iyanrìn ń lọ ń bọ̀, bóòtù fáíbà àlòkù sì pọ̀ lójú omi. Bóòtù àlòkù kì í jẹ́ kí ebi pa ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀.

Bí mo ṣe ń tún un ṣe nìyí. Màá gé fáíbà inú, màá fi ṣísẹ̀lì kó pákó jíjẹrà jáde títí màá fi kan fáíbà ìta, màá jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́ dáadáa. Màá gé pákó tuntun ní ìpele méjì, màá fi résìn, oje olóòórùn tó máa ń gan bí òkúta, lẹ̀ wọ́n pọ̀, màá tún fi fáíbà bò ó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni ihò nọ́ọ̀tì. Èmi á lu ihò náà kó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, màá fi résìn dí i, bó bá gan màá tún lu ihò kékeré sáàárín résìn náà. Báyìí, bí omi bá tilẹ̀ wọlé, résìn ló máa bá, kò ní bá pákó. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ayùn ọwọ́ la fi ń gé fáíbà, sáńpépà tí a wé mọ́ igi la fi ń dán an. Ọwọ́ á bó, ṣùgbọ́n etídò á dákẹ́, èèyàn á máa gbọ́ ẹyẹ. Lẹ́yìn náà ni gíráńdà dé, ẹ̀rọ oníná tó ń yí bíríbírí. Ohun tó ń gba gbogbo ọjọ́ tẹ́lẹ̀, gíráńdà á ṣe é kí omi ìrẹsì tó hó. Inú mi dùn sí i. Mo fi aṣọ di imú nítorí eruku fáíbà. N kò fi nǹkan kan di etí. Etí mi ni mo fi ń jẹun, èmi náà ni mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ariwo yẹn láràárọ̀, ọdún lé ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ra ohun ìdití kí ẹ tó ra gíráńdà.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, etí yín ń lọ o."

Mo ní, "Ohùn tìrẹ ló ń lọ sílẹ̀."

Ó ní, "Ohùn mi? Ohùn tí gbogbo àdúgbò fi ń mọ ìgbà tí oúnjẹ jinná nílé wa?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo kúrò níbẹ̀. Bí a bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, á fọwọ́ kan orúnkún mi bó bá tó àkókò láti dìde. Bí àlejò bá bi mí ní nǹkan, á tún un sọ bí ẹni ń ṣàwàdà, màá sì dáhùn. Wọ́n ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Inú mi kò bàjẹ́ lóòótọ́. Nígbà tó kú ni mo mọ iye ohun tó ti ń bá mi gbọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń mi orí. Bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́, tí ojú rẹ̀ bá túká, màá mi orí. Bí ojú rẹ̀ bá le, màá mi orí náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń bọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n pákó kì í ní ojú tí èèyàn lè wò. Mò ń kàn án, mò ń gbọ́ nǹkan kan náà lára gbogbo bóòtù, ohùn kékeré kan bíi ti ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé kẹta. Mo wá ń fi ojú àti ìrírí méfò. Ojú tí Ọ̀gá Súlè ní kí a má gbára lé.

Ṣẹ́gun ni ọmọ iṣẹ́ tó dára jù nínú àwọn tí mo kọ́. Ó ti gba òmìnira, ó ti ní ìyàwó àti ọmọ, síbẹ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà kan ó ra ẹ̀rọ kékeré kan bíi fóònù, tí wọ́n ń gbé lé ara bóòtù láti mọ̀ bóyá omi wà nínú pákó. Ó mú un wá hàn mí tayọ̀tayọ̀. Mo ní, "Ṣẹ́gun, ṣé o fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bóòtù ni?" Gbogbo etídò bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó dá ẹ̀rọ náà padà sínú báàgì, kò sì mú un jáde lójú mi mọ́.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ Ajé tí mo ń sọ yìí, Ìyá Rídíwàánù pè mí. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ gbà mí o. Bóòtù mi ti di ọ̀mùtí. Mo gbọ́n omi rẹ̀ láàárọ̀, mo tún gbọ́n ọn nírọ̀lẹ́."

Mo béèrè pé, "Ibo ló ń gbà wọlé?"

"Tí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé màá pè yín?"

Bóòtù náà ti gbó. A fà á sórí iyanrìn. Mo rí omi pupa bíi tíì tó ti ṣàn wá sílẹ̀ lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Mo mú òòlù, mo kàn án níbi mẹ́ta. Ohùn ilé kẹta yẹn ni mo gbọ́. Mo ní, "Pákó yìí gbẹ. Ihò nọ́ọ̀tì nìkan ló ń jò."

Mo rí i tí ọrùn Ṣẹ́gun yí wìrì. Ó sún mọ́ mi, ó gbé ohùn sókè, "Ọ̀gá, ẹ wo omi pupa yìí, sà."

"Ìpẹtà nọ́ọ̀tì ni."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n..." Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú báàgì.

"Kí o ṣe kí ni?"

Ìyá Rídíwàánù pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Háà, Ṣẹ́gun! Ṣé o fẹ́ tún ti ọ̀gá rẹ kàn ni? Ayé ti bàjẹ́!"

Ṣẹ́gun yọ ọwọ́. "Ẹ má bínú, sà." Mo ní kó tú àwọn nọ́ọ̀tì, kó fi gọ́ọ̀mù tuntun sí wọn, kó de ẹ́ńjìnnì padà. Ohun tí mo rán an ló ṣe, kò fi ọ̀kan pe méjì.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wà lábẹ́ àgọ́. N kò gbọ́ igbe. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń sáré ni mo rí. Nígbà tí mo dé etí omi, ìdí bóòtù Ìyá Rídíwàánù ti ya, ẹ́ńjìnnì ti gbé e wọ ìsàlẹ̀ odò, ẹ̀fọ́ tẹ́ sójú omi bí ìgbà tí oko bá léfòó. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ sókè orí, omi dé e lágbọ̀n. Àwọn tó ń wa iyanrìn ló fà wọ́n jáde. Kò sí ẹni tó kú. Irin gé Ràṣídì lójúgun, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú bàtà rẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn èrò ti lọ, Ìyá Rídíwàánù dojú ọ̀rọ̀ kọ Ṣẹ́gun. Ẹ̀rọ tó ń fa iyanrìn ń ké lẹ́yìn wa. Mo rí ẹnu rẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣẹ́gun dorí kodò. Ìyá Rídíwàánù wá kọjú sí mi, ó béèrè ohun tó béèrè, mo sì mi orí.

Ṣẹ́gun wò mí. Ìwò náà kò pẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Rídíwàánù, ó gbé báàgì rẹ̀, ó ń lọ.

Mo bi Ràṣídì pé, "Kí ló dé tó ń lọ?"

Ó wò mí bí ẹni tí mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé ẹnu sún mọ́ etí mi. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni? Ìyá bi yín bóyá iṣẹ́ ọwọ́ Ṣẹ́gun ló fà á, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bóòtù ẹnikẹ́ni létídò yìí mọ́."

Mo ṣì lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí mo bá pè é, á gbọ́. N kò pè é. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ; èmi jẹ́ kí ẹ̀sín lọ bá ọmọ ọlọ́mọ kó má bàa bá mi. Mo lọ síbi èkúfọ́ ìdí tó kù lára bóòtù tí wọ́n fà sórí iyanrìn. Mo fi ìka tẹ pákó náà, ìka mi wọlé bí ẹni fi ìka wọ ẹ̀bà. Mo nu ọwọ́ mi, mo lọ sílé ní Mowe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí yàrá Ṣẹ́gun ní Ìbàfò. Ó ń wẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó rí mi, ó fi ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Mo ní, "Ṣẹ́gun, etí mi ti di."

Ó dìde, ó gbọn ilẹ̀ kúrò láyà. Ó sọ ọ́ sókè kí n lè gbọ́: "Ọ̀gá, a mọ̀, sà."

"Ẹ̀yin ta ni?"

"Gbogbo wa létídò, sà. Ó ti pẹ́. Ìyá Bọ́lá ló bẹ̀ wá kí wọ́n tó kú, pé ká máa gbé ohùn sókè bá yín sọ̀rọ̀, ká má jẹ́ kẹ́ ẹ fura."

Mo jókòó sórí ìkòkò tó dojú bolẹ̀ níbẹ̀. Èmi rò pé mò ń fi pamọ́ fún wọn. Àwọn ló ń fi pamọ́ fún mi. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún mi. Ọ̀wọ̀ yẹn náà ló gbé bóòtù lọ sáàárín odò.

Mo ní, "Ìgbà tí mo kan ti Ìyá Rídíwàánù, kí lo gbọ́?"

Kò fẹ́ sọ. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ sọ fún wọn."

Ó ní, "Bù, sà. Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

A jọ lọ sí etídò. Àwọn olóbóòtù ti pé fún èrò àárọ̀. N kò tíì sọ̀rọ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn báyẹn rí. Mo ní, "Etí mi ti di láti ọjọ́ pípẹ́. Mo kan bóòtù yín, n kò gbọ́ ohun tó sọ. Ṣẹ́gun gbọ́ ọ, mo pa á lẹ́nu mọ́. Ìyá Rídíwàánù, mi ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ bi mí lánàá. Mo kàn mi orí ni."

Ìyá Rídíwàánù ká ọwọ́ lérí. Mo rí ẹnu rẹ̀ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí: "Bàbá Bọ́lá, ọmọ èèyàn ló wà nínú bóòtù yẹn o!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo jù ú lọ. Kò ní kí n dìde. Ṣẹ́gun ló gbé mi dìde. Ìyá Rídíwàánù wò ó, ó wò ó, ó ní, "Ṣẹ́gun, má bínú sí mi, jàre."

Mo na òòlù sí Ṣẹ́gun. Mo ní kó kan gbogbo bóòtù tó wà níbẹ̀, gbogbo èyí tí mo ti ní ó dára.

Ó kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀gá kì í kàn kí ọmọ tún kàn."

Mo ní, "Ẹni tí kò gbọ́ ìdáhùn, kò tíì kan ilẹ̀kùn. N kò tíì kàn wọ́n. Dìde."

Ó dìde. Ó yọ ẹ̀rọ kékeré rẹ̀ jáde nínú báàgì pẹ̀lú. Bóòtù àkọ́kọ́, ó kàn án, ó gbé ẹ̀rọ lé e, ó ní ó dára. Ekejì, ó kàn án, ó dúró, ó tún un kàn, ó gbé ẹ̀rọ lé e. Ó yíjú sí mi. Kò pariwo. Olóbóòtù náà ti rí ojú rẹ̀, ó ti ń tú ẹ́ńjìnnì.

A bá a sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ sórí iyanrìn. Ṣẹ́gun gé fáíbà inú, ó sì lọ síbi bóòtù kẹta. Mo mú ṣísẹ̀lì, mo wọnú bóòtù náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó pákó jíjẹrà jáde. Nígbà tí mo rò pé ó ti tó, Ṣẹ́gun padà wá, ó kàn án lókè ọwọ́ mi, ó fi ìka hàn mí pé ó ṣì jẹrà, kí n máa kó o lọ sókè. Mo ń lọ sókè.